Camry 1999 mi ń gbọ̀n, wọ́n ní kí n lọ ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀: ẹ gbà mí nímọ̀ràn o, ará Àkúrẹ́

Aláwọ̀Ewé99 (Ìjọ̀ka, Àkúrẹ́)

Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Mo nílò ìmọ̀ràn yín gidi torí ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Camry 1999 ni mọ́tò mi, ẹ́ńjìnnì 5S-FE, lítà 2.2, sílíńdà mẹ́rin, ọdún mọ́kànlá rèé tó ti wà lọ́wọ́ mi, òun ni mo fi ń gbé àwọn ọmọ lọ síléèwé, òun náà la fi ń kó ọjà ìyàwó mi lọ sí Ọjà Ọba. Àtìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ló ti ń dà mí láàmú. Tí mo bá sítáàtì ẹ̀ láàárọ̀ á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, dáṣíbọọ̀dù á máa dún gbá-gbá-gbá, tí mo bá fi í sílẹ̀ kó máa sítíìmù, ìyẹn kó máa ṣiṣẹ́ lójú kan, á fẹ́ kú, á tún sọjí, á tún fẹ́ kú. Tó bá gbóná tán á rọlẹ̀ díẹ̀, àmọ́ tí mo bá kan òkè, àgàgà tí ẹrù bá wà lẹ́yìn, kò ní agbára rárá, màá tẹ tọrọ́tù délẹ̀, kò ní lọ. Iná check engine ti tàn látọjọ́ yẹn, nígbà míì á tiẹ̀ máa ṣẹ́jú. Epo tó máa ń gbé mi fún ọjọ́ márùn-ún ò pé mẹ́ta mọ́, ẹ sì mọ iye tí epo dà látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ ní 2023.

Mẹkáníìkì mẹ́ta ló ti rí i. Ẹni àkọ́kọ́ pààrọ̀ plọ́ọ̀gì, mọ́tò dára bí tuntun fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó padà síbi tó wà. Ó tún pààrọ̀ ẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà ló tún lò. Ẹnì kejì ní brain box, kọ̀ńpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ló bàjẹ́. Ẹnì kẹta kàn gbọ́ ohùn ẹ̀, ó ní ẹ́ńjìnnì ti gbó, kí n wá owó ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ àti owó iṣẹ́. Owó yẹn ò sí. Àmọ́ mo ní àpótí spáná, mo ní ọjọ́ Sátidé, mo sì ṣe tán láti kọ́ ọ. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Tísà_ỌbàIlé

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú wàhálà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì ra nǹkan kan, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú nǹkan kan. Ohun tẹ́ ẹ sọ nípa plọ́ọ̀gì yẹn gan-an ló gbà mí lọ́kàn. Ẹ́ńjìnnì tó bá ti gbó lóòótọ́, tí ríìngì ti jẹ tàbí tí fáàfù ò pa dé mọ́, plọ́ọ̀gì tuntun ò lè mú un dára bí tuntun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Brain box tó bàjẹ́, kí ló kàn án pé wọ́n pààrọ̀ plọ́ọ̀gì? Nǹkan kan wà níbẹ̀ tó ń ba iṣẹ́ plọ́ọ̀gì yẹn jẹ́ díẹ̀díẹ̀, òun la máa wá.

Bí mo ṣe máa ń wò ó nìyí. Nǹkan mẹ́rin péré ni ẹ́ńjìnnì oní-bẹntiróòlù ń fẹ́: afẹ́fẹ́, epo, iná lẹ́nu plọ́ọ̀gì, kí sílíńdà sì lè há afẹ́fẹ́ mọ́ inú kó fún un pọ̀. Tó bá ń gbọ̀n, ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló yẹ̀, ó lè jẹ́ ní sílíńdà kan ṣoṣo. Torí náà ẹ dá mi lóhùn: èéfín ń jáde lẹ́yìn àbí kò jáde, kí sì ni àwọ̀ ẹ̀? Tó bá dúdú, epo ti pọ̀ jù. Tó bá dà bí aró, ó ń jẹ ọ́ìlì. Tó bá jẹ́ funfun tó nípọn tí ò tán títí mọ́tò fi gbóná, omi ló ń wọ sílíńdà, top gasket tó wà lábẹ́ orí ẹ́ńjìnnì ló jò nìyẹn. Funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó máa ń wà láàárọ̀ tó sì ń lọ, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ yọ géèjì ọ́ìlì náà wò, ṣé ó dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí? Omi rédíétọ̀ ńkọ́, ṣé ó ń dín kù? Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ kùtùkùtù kẹ́ ẹ tó sítáàtì ẹ̀ o, ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ tó gbóná láé, mo mọ ẹni tí omi yẹn bọ́ lójú.

Ọmọ_SouthGate

Gbogbo ohun tí tísà sọ ni mo fara mọ́. Èmi á fi ẹyọ kan kún un: iná check engine tó tàn yẹn, mọ́tò ń bá yín sọ̀rọ̀ ni, ẹ wá bẹ́ ẹ ṣe máa gbọ́ ohun tó ń sọ. Wọ́n ti fi ṣòfin ní Amẹ́ríkà pé gbogbo mọ́tò tuntun láti 1996 gbọ́dọ̀ ní ihò OBD2, ibi tí wọ́n ti ń ka àìsàn mọ́tò, Camry 1999 yín ní in, ẹ wo abẹ́ dáṣíbọọ̀dù lápá orúnkún dírẹ́bà, ihò kan wà níbẹ̀ tó ní ojú mẹ́rìndínlógún. Ẹ ra skánà kékeré ELM327 tó ń lo Bluetooth, ẹ kì í sí i, ẹ so ó mọ́ fóònù yín, á kọ kóòdù fún yín. Ẹ kọ kóòdù yẹn sínú ìwé, ẹ má pa á rẹ́ o, àwọn kan á kọ́kọ́ pa á rẹ́ kí iná lè kú, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí wọ́n fọwọ́ ara wọn nù.

Ẹni tó ní brain box ló bàjẹ́ yẹn, ṣé ó so nǹkan kan mọ́ ọn kó tó sọ bẹ́ẹ̀?

Ẹlẹ́ruKòkó_IléOlújì

Mọ́tò ọdún 1999, ẹ tà á kẹ́ ẹ fi owó ẹ̀ kún nǹkan míì. Èmi ta tèmi lọ́dún tó kọjá, ọkàn mi balẹ̀.

Ìyá_Ibeji_Oǹdó

Ẹ má bínú ẹ̀gbọ́n ẹlẹ́ru kòkó, tó bá jẹ́ pé owó wà láti fi kún un ni ẹ̀gbọ́n wa ò ní kọ̀wé síbí. Kí ni wọ́n fẹ́ fi owó mọ́tò tó ń gbọ̀n rà tí kò ní gbọ̀n?

Ọ̀rọ̀ brain box yìí dùn mí torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Corolla ni tèmi. Mọ́tò á ṣiṣẹ́ lónìí, lọ́la kò ní gbọ́rọ̀, ẹnì kan tá mi ní brain box tòkunbọ̀, owó ìsúná oṣù méjì ni mo kó fún un, kò yí padà. Rewire kan, oníṣẹ́ iná mọ́tò, ní Yaba l'Óǹdó níbí ló kàn ní kí n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó di ẹnu bátìrì mú, ó mì ín, ó ń yẹ̀. Ìpẹtà funfun ti kún abẹ́ ẹ̀. Ó fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ó fi sándípépà ha á, ó dè é le, ó parí. Ìyẹn ni mo ṣe ń bẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ yẹ ohun tí kò náni lówó wò. Ẹnu bátìrì, àti wáyà tó so bátìrì mọ́ ara mọ́tò àti mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi mítà wọn bátìrì nígbà tí mọ́tò ti sùn mọ́jú, ó yẹ kó tó fóltì 12.6, tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ kó wà láàárín 13.5 sí 14.5. Tí kò bá pé bẹ́ẹ̀, gbogbo kóòdù tí skánà bá gbé jáde ò ṣe é gbára lé.

Aláwọ̀Ewé99

Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́. Ìyá Ibeji, mo wọn bátìrì, 12.5, tó bá ń ṣiṣẹ́ 14.1. Èéfín: nǹkan dúdú díẹ̀ láàárọ̀, kò sí aró. Ọ́ìlì mọ́, omi ò dín kù. Mo yá skánà lọ́wọ́ àbúrò kan ní Alágbáka, kóòdù mẹ́ta ló jáde: P0300, P0302, P0125. Mo wá a lórí fóònù, wọ́n ní P0300 ni pé ó ń míìsì káàkiri, ìyẹn pé epo ò jó dáadáa nínú sílíńdà. Ṣé ẹ́ńjìnnì ló gbó lóòótọ́?

Rewire_ÒkèÀró

Ẹ̀gbọ́n ẹ fara balẹ̀, kóòdù yìí dáa, ó ti dín ìwákiri kù. P0302 ni pé sílíńdà kejì ló ń míìsì. Ẹ máa ka sílíńdà láti ọ̀dọ̀ táímìn bẹ́ẹ̀tì, ìyẹn apá ọ̀tún tẹ́ ẹ bá jókòó nídìí ọkọ̀, àkọ́kọ́ nìyẹn, èyí tó tẹ̀ lé e ni kejì. Ẹ wá gbọ́ ibi tó dùn nínú ọ̀rọ̀ yìí: Camry yín kò ní dìsítíríbútọ̀ tó ń pín iná káàkiri, kọ́ìlì méjì tó ń fún plọ́ọ̀gì níná ló ní, kọ́ìlì kan ń fún sílíńdà kìíní àti kẹrin níná, èkejì ń fún kejì àti kẹta. Tó bá jẹ́ kọ́ìlì ló kú, kejì àti kẹta ni ì bá jọ máa míìsì, ẹ ò bá rí P0303 pẹ̀lú. Kejì nìkan ló jáde, torí náà mi ò ní kọ́kọ́ fura sí kọ́ìlì, ọ̀dọ̀ sílíńdà kejì gan-an ni màá lọ: wáyà plọ́ọ̀gì ẹ̀, plọ́ọ̀gì ẹ̀, nozzle tó ń fọ́n epo sí i, àti kọ̀mpírẹ́ṣọ̀n ẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Ẹ tẹ̀ lé e bí mo ṣe tò ó yẹn torí bí owó ẹ̀ ṣe lọ sókè nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ pàtàkì: tí iná check engine bá ń ṣẹ́jú, ẹ fẹsẹ̀ kúrò lórí tọrọ́tù, ẹ wá ibi dúró sí. Epo tí kò jó ní sílíńdà ń lọ jó nínú catalyst, ohun tó ń fọ èéfín lójú ọ̀nà sálẹ́ńsà, nígbà yẹn, á yọ́ ọ dà nù. Ẹ má kó àwọn ọmọ rìn pẹ̀lú ẹ̀ báyìí o.

ÀgbàAwakọ̀_Ìdànrè

Ẹ kú ìjíròrò ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi wa 504 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná fún ọdún mẹ́tàlélógún lójú ọ̀nà Ìdànrè yìí, nígbà tí kò sí skánà. Ohun tá a máa ń ṣe ni pé tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, a ó fa wáyà plọ́ọ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tá a bá fà tí ohùn ẹ́ńjìnnì ò yí padà, òun ni kò ṣiṣẹ́. Èkejì, tí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì níbi tó ṣókùnkùn biribiri, ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́, ẹ wo àwọn wáyà yẹn, èyí tó bá ń jo iná, ẹ máa rí i tó ń ta pàràpàrà.

Rewire_ÒkèÀró

Bàbá, mo kí yín. Ti òru yẹn, òótọ́ pọ́ńbélé ni, èmi náà ń ṣe é dòní, ẹ tiẹ̀ lè fi bọ́tìlù afínmi fín omi díẹ̀ sára wáyà yẹn, tó bá ń jo á hàn kíákíá. Ti fífa wáyà nìkan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín sí. Iná kọ́ìlì àwọn mọ́tò tó ní brain box yìí le ju ti 504 lọ, ó lè gbá èèyàn, tí wáyà bá sì ṣí sílẹ̀ tí iná ò rí ibi bọ́ sí, ó lè ba kọ́ìlì jẹ́. Ohun tó rọrùn jù ni kẹ́ ẹ fa sọ́kẹ́ẹ̀tì nozzle, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì, ẹ gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, ẹ dá a padà. Epo ò ní wọ sílíńdà yẹn, ọgbọ́n yín kan náà ni, ọwọ́ yín ò sì ní kan iná.

ÀgbàAwakọ̀_Ìdànrè

Mo gbọ́ ọ. Ó ti gbá mi rí lóòótọ́, ọwọ́ mi kú títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ ṣe ti nozzle yẹn.

Aláwọ̀Ewé99

Sátidé, aago mẹ́jọ alẹ́. Ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí. Mo fa sọ́kẹ́ẹ̀tì nozzle kìíní, ẹ́ńjìnnì fẹ́ kú. Mo dá a padà, mo fa ìkejì, kò sí ìyàtọ̀ kankan, bí ẹni pé mi ò ṣe nǹkan kan. Ìkẹta yí ohùn padà, ìkẹrin náà. Mo pa á, mo jẹ́ kó tutù, mo fa wáyà plọ́ọ̀gì kejì jáde látinú ihò ẹ̀, ọ́ìlì ló ń kán tó-tó-tó lẹ́nu ẹ̀! Rọ́bà ẹ̀ ti rọ̀, ó ti wú, ó tiẹ̀ ní ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ lára. Mo tan iná fóònù sínú ihò yẹn, plọ́ọ̀gì ò hàn rárá, ọ́ìlì ti bò ó mọ́lẹ̀. Ìkẹta náà ní ọ́ìlì díẹ̀ nísàlẹ̀. Kìíní àti ìkẹrin gbẹ. Mo ti kọ́kọ́ wo ti òru kí n tó pa á, bàbá, mo rí iná búlúù kékeré tó ń fò lára wáyà kejì yẹn. Ọdún mọ́kànlá tí mo ti ní mọ́tò yìí mi ò mọ̀ pé ohun téèyàn lè fojú rí nìyẹn.

Ṣé ọ́ìlì tó wà níbẹ̀ yẹn túmọ̀ sí pé ẹ́ńjìnnì ti gbó?

Tísà_ỌbàIlé

Rárá o ẹ̀gbọ́n! Inú mi dùn gan-an. Ọ́ìlì yẹn ò tinú sílíńdà wá, òkè ló ti ń ṣàn wọlé. Ihò tí plọ́ọ̀gì wà yẹn gba àárín ìdérí òkè ẹ́ńjìnnì kọjá, ibi tí ọ́ìlì ti ń ta sára káàmù, rọ́bà ló sì dènà kí ọ́ìlì má bọ́ sínú ihò. Ooru ti jẹ rọ́bà yẹn fún ọdún tó ju ogún lọ, ó ti le bí igi, kò dí mọ́. Àìsàn tí ẹ́ńjìnnì yìí máa ń ṣe tó bá dàgbà nìyẹn, ẹ́ńjìnnì tó wà nísàlẹ̀ lè dá ṣáṣá.

Ẹ wá rí ìdí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn báyìí. Nígbà tí mẹkáníìkì pààrọ̀ plọ́ọ̀gì, ó nu ọ́ìlì ihò yẹn kúrò, bóyá ó fi aṣọ nu wáyà náà, mọ́tò dára. Ọ́ìlì bẹ̀rẹ̀ sí í kán padà, lọ́sẹ̀ kẹta ó ti kún, iná tó yẹ kó lọ sẹ́nu plọ́ọ̀gì wá ń gba ara rọ́bà tó ti rà bọ́ sára irin, ìlà funfun tẹ́ ẹ rí yẹn ni ojú ọ̀nà iná. Òjò wá dá kún un torí ọ̀rinrin ń ràn án lọ́wọ́. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná: bẹ́ ẹ bá pààrọ̀ plọ́ọ̀gì nígbà ogún tí rọ́bà òkè yẹn ṣì ń jò, ibẹ̀ náà la ó máa padà sí.

Rewire_ÒkèÀró

Ẹ jẹ́ kí n sọ bẹ́ ẹ ṣe máa tún un ṣe, ẹ kà á dáadáa torí ibi tí wọ́n ti ń ba nǹkan jẹ́ wà nínú ẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù. Ẹ yọ orí bátìrì tó jẹ́ mọ́ ara mọ́tò. Ẹ so nǹkan mọ́ wáyà plọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ lè mọ ti ihò kọ̀ọ̀kan, tẹ́ ẹ bá gbé wọn wọra ẹ ó dá wàhálà tuntun sílẹ̀. Kẹ́ ẹ TÓ yọ plọ́ọ̀gì, ẹ kọ́kọ́ fa gbogbo ọ́ìlì inú ihò yẹn jáde, ẹ we aṣọ mọ́ ọ̀pá tín-ínrín, ẹ máa kì í bọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ máa fà á jáde títí á fi gbẹ, tẹ́ ẹ bá lè rí fọkanáísà tó máa fín afẹ́fẹ́ sí i ó dáa jù, ẹ bo ojú yín. Tẹ́ ẹ bá yọ plọ́ọ̀gì pẹ̀lú ọ́ìlì yẹn, ọ́ìlì àti iyanrìn tó wà nínú ẹ̀ á já sínú sílíńdà.

Ìdérí òkè yẹn, nọ́ọ̀tì ńlá mẹ́rin ló dì í mú, wọ́n yí ihò plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká, rọ́bà wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wọn nọ́ọ̀tì yẹn kẹ́ ẹ tó lọ ra sọ́kẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe ìwọ̀n tó wà nínú àpótí gbogbo ènìyàn. Tẹ́ ẹ bá ti ṣí i, ẹ pààrọ̀ rọ́bà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹ̀lú gáskẹ́ẹ̀tì tó yí etí ìdérí náà ká, lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má sọ pé èyí ṣì dáa. Ẹ nu ojú irin méjèèjì títí kò fi ní ọ́ìlì. Ẹ fi wọ́n lé e, ẹ fún àwọn nọ́ọ̀tì yẹn díẹ̀díẹ̀, ẹ máa lọ láti ọ̀kan sí ìkejì, wọn ò fẹ́ agbára, tẹ́ ẹ bá fún wọn ju bó ṣe yẹ rọ́bà á fún jáde, á tún jò.

Ohun tó máa ń bí mi nínú ni gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń lẹ̀ kún gbogbo etí. Gọ́ọ̀mù tó bá pọ̀ á yọ sínú, á já bọ́ sínú ọ́ìlì, ọ́ìlì á gbé e lọ di asẹ́ tó wà nísàlẹ̀, ọ́ìlì ò ní gòkè mọ́, ìgbà yẹn ni ẹ́ńjìnnì á wá bàjẹ́ tòótọ́. Igun tó bá nílò ẹ̀, ẹ kán an bí ẹ̀kán omi ojú, kó tán síbẹ̀.

Ọmọ_SouthGate

Ẹ pààrọ̀ wáyà náà o, tí rọ́bà ẹ̀ bá ti jẹrà, ọ́ìlì ò ní kúrò lára ẹ̀ mọ́. Wáyà tuntun pàápàá ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó, láti ẹnu dé ẹnu kò gbọ́dọ̀ ju 25 kilo-ohm lọ. Àlàfo ẹnu plọ́ọ̀gì jẹ́ 1.1 mìlímítà. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà, ẹ gbé èyí tẹ́ ẹ yọ dání lọ, ẹ fi wọ́n wé ara wọn, ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tó máa gbà á padà.

Ìyá_Ibeji_Oǹdó

Ẹ fi ọwọ́ lásán kọ́kọ́ yí plọ́ọ̀gì wọlé o, ẹ má fi spáná bẹ̀rẹ̀. Irin orí ẹ́ńjìnnì yẹn rọ̀, tí plọ́ọ̀gì bá wọ̀ ọ́ ní wíwọ́, ojú ẹ̀ á jẹ. Tí ọwọ́ bá ti gbé e jókòó, plọ́ọ̀gì tuntun tó ní wáṣà, ààbọ̀ ìyípo kan ti tó o. Ibi tí wọ́n ti ba tèmi jẹ́ nìyẹn, owó tí mo ná lọ́dọ̀ onílaátì mi ò ní gbàgbé ẹ̀.

Aláwọ̀Ewé99

Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé. P0125 ńkọ́? Kò sẹ́ni tó tíì sọ nǹkan kan nípa ẹ̀.

Rewire_ÒkèÀró

Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni kẹ́ ẹ má bàa ṣe méjì pọ̀. P0125 ni pé brain box ò rí i kí ẹ́ńjìnnì gbóná tó bó ṣe yẹ lásìkò tó yẹ. Nínú Toyota ọdún yẹn nǹkan méjì ló sábà máa ń fà á: thermostat (fáàfù tó ń dá omi ẹ́ńjìnnì dúró títí á fi gbóná) tí kò sí níbẹ̀ tàbí tó ṣí sílẹ̀ gbàgà, tàbí oxygen sensor iwájú (èyí tó ń wọn afẹ́fẹ́ inú èéfín) tó ti kú. Ẹ má ra èyíkéyìí. Skánà yẹn lè fi ooru omi ẹ́ńjìnnì hàn yín bẹ́ ẹ ṣe ń lọ, ẹ wà á lọ dé Ọ̀bà-Ilé kẹ́ ẹ padà, ẹ wo iye tó bá wà. Tó bá gòkè dé 85 tàbí 90 lórí Celsius tó dúró síbẹ̀, thermostat ò jẹ̀bi. Tí kò bá kúrò ní ọgọ́ta lé, ẹ ti rí i.

ÀgbàAwakọ̀_Ìdànrè

Ṣé kì í ṣe pé ẹ fẹ́ kí wọ́n fi thermostat padà sínú mọ́tò nílẹ̀ tó gbóná báyìí? Àwa máa ń yọ ọ́ ni, kí ẹ́ńjìnnì má bàa hó.

Tísà_ỌbàIlé

Bàbá mi, mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe láti ìgbà pípẹ́, àwọn mẹkáníìkì ṣì ń ṣe é, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ owó lápò àwọn ènìyàn, mi ò lè dákẹ́. Inú mọ́tò oní-brain box, ooru omi ni brain box fi ń mọ iye epo tó máa fọ́n. Tí omi bá tutù, á rò pé àárọ̀ ṣì ni, á máa fọ́n epo kún un bí ẹni tí ń fún ọmọ tuntun lọ́mú, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì ti rìn dé Ọ̀wọ̀. Èéfín dúdú tí ẹ̀gbọ́n rí láàárọ̀ àti epo ọjọ́ márùn-ún tó di mẹ́ta, mo fura pé ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú ẹ̀ ti wá. Thermostat 5S-FE máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní nǹkan bí 82 lórí Celsius. Ojú ọjọ́ Àkúrẹ́ tó gbóná jù kò tó ìdajì ìyẹn. Tí mọ́tò bá ń hó pẹ̀lú thermostat tó dáa, fáànù, rédíétọ̀ tó dí, ìdérí tí kò pa dé, tàbí top gasket ni kẹ́ ẹ wá, yíyọ thermostat kàn ń bo ọgbẹ́ yẹn mọ́lẹ̀ ni.

Ẹ lè dán thermostat wò kẹ́ ẹ tó dè é. Ẹ fi okùn so ó kọ́ sínú ìkòkò omi lórí iná, ẹ máa wò ó, kó tó hó á ti ṣí, tẹ́ ẹ bá gbé e sí omi tútù á pa dé. Èyí tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Aláwọ̀Ewé99

Ẹ̀yin ará, mo wà á dé Ọ̀bà-Ilé, 61 ni mo rí, nígbà míì 64, kò kọjá bẹ́ẹ̀. Mo tú ibi tí họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ rédíétọ̀ ti wọ ẹ́ńjìnnì, òfìfo. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mi ò mọ ẹni tó yọ ọ́ nínú gbogbo àwọn tó ti fọwọ́ kàn án. Omi tó sì jáde pọ́n bí omi irin, mo ti fọ̀ ọ́ nígbà mẹ́ta, mo ti fi coolant sí i.

Tísà_ỌbàIlé

Ẹ kọjú fáàfù tín-ín-tín tó wà lára thermostat yẹn sókè tẹ́ ẹ bá ń fi í sí i, kí afẹ́fẹ́ lè ríbi jáde. Kẹ́ ẹ tó dé ìdérí òkè padà, mo ní géèjì kọ̀mpírẹ́ṣọ̀n, ẹ wá mú un nílé mi, kọ́rọ̀ "ẹ́ńjìnnì ti gbó" yẹn lè kúrò lọ́kàn yín. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti tò ó tán, ẹ jẹ́ kó gbóná, ẹ pa á, ẹ yọ plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ́ìlì àti ti àwọn nozzle kí iná àti epo má baà jáde, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ mu sìgá nítòsí. Ẹ fi géèjì sí ihò kan, ẹ ní kí ẹnì kan tẹ tọrọ́tù délẹ̀ kó sì máa yí kọ́kọ́rọ́ títí abẹ́rẹ́ géèjì ò fi ní gòkè mọ́. Ìwọ̀n Toyota fún ẹ́ńjìnnì yìí ni 178 psi, kò gbọ́dọ̀ wá sísàlẹ̀ 142, ìyàtọ̀ láàárín sílíńdà kan àti èkejì ò sì gbọ́dọ̀ ju 14 lọ. Tí ọ̀kan bá kéré, ẹ kán ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì díẹ̀ síbẹ̀ kẹ́ ẹ tún un wọ̀n, tó bá gòkè, ríìngì ni, tí kò bá yí, fáàfù ni.

Aláwọ̀Ewé99

Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí mi ò kọ̀wé, ẹ má bínú, mo fẹ́ kó kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ń dẹ́rù bà mí yẹn ni, àmọ́ mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Géèjì: 165, 160, 165, 165. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ní kí n jù sílẹ̀! Mo pe ìyàwó mi wá wò ó, òun ló ń yí kọ́kọ́rọ́ fún mi, kò gbàgbọ́, a tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀kejì.

Rọ́bà mẹ́rin, gáskẹ́ẹ̀tì, wáyà mẹ́rin, plọ́ọ̀gì mẹ́rin, thermostat, coolant. Gbogbo ẹ̀ pọ̀ kò tó ìdá mẹ́wàá owó ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ tí wọ́n pè fún mi. Ọjọ́ Sátidé méjì ló gbà, èyí àkọ́kọ́ mo ṣi nọ́ọ̀tì kan fún, ó jò díẹ̀, mo tún un ṣí. Mo pa kóòdù rẹ́, wọn ò tíì padà. Ooru dúró sí 87. Epo ti ń padà sí bó ṣe wà. Àná mo kó ìrẹsì àti epo pupa gun òkè, kò gbọ̀n. Láràárọ̀ mo máa ń fa wáyà kejì yẹn wò, gbígbẹ ni.

Ohun tó kù: tí mo bá tan AC, ó ṣì ń mì tìtì díẹ̀ bó bá ń sítíìmù.

Rewire_ÒkèÀró

Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n! Ti AC yẹn, ẹ yọ páìpù afẹ́fẹ́ tó wọ tọrọ́tù ara ẹ́ńjìnnì, ẹnu tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ẹ wo inú ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí èédú dúdú ti bò ó, ẹ fi sípúréè tí wọ́n fi ń fọ tọrọ́tù fọ̀ ọ́ pẹ̀lú aṣọ, ẹ fọ ojú ọ̀nà fáàfù tó ń ṣètò sítíìmù pẹ̀lú, lábẹ́ ibẹ̀ ló wà. Tó bá ṣì ń mì, ẹ wo àwọn engine seat tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé, rọ́bà wọn lè ti já. Ẹ má fi ọwọ́ kan sítíìmù gan-an o, brain box ló ń ṣètò ẹ̀.

Ìyá_Ibeji_Oǹdó

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹ̀gbọ́n tísà, Corolla tèmi náà ti ń míìsì láti àná, mo fẹ́ fi géèjì yẹn wọ̀n ọ́n kí ẹnikẹ́ni tó wá sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì fún mi. Mò ń bọ̀ ní Àkúrẹ́ lọ́jọ́bọ̀.

Tísà_ỌbàIlé

Ó ṣì wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ní Ìjọ̀ka, ẹ kàn yà síbẹ̀. Àmọ́ ẹ ka kóòdù ẹ̀ ná.

Aláwọ̀Ewé99

Mo ti nù ún, mo ti fi í sínú páálí ẹ̀. Ẹ pè mí tẹ́ ẹ bá ti dé Arákalẹ̀, màá wá pàdé yín. Ẹ gbé plọ́ọ̀gì àtijọ́ dání o.